Anpilifáyà Ilé: Bí A Ṣe Ń So Ó àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìséwu

Anpilifáyà ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tí kò lágbára láti inú fóònù, rédíò, ẹ̀rọ CD tàbí ẹ̀rọ àwo, tó ń fi agbára iná kún un títí tí yóò fi lè mi bébà sípíkà síwá sẹ́yìn. Ti sítíríò ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Ọdún 1931 ni Alan Blumlein, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Ìlú Ọba, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí. Gílóòbù oníná tí Lee de Forest ṣe lọ́dún 1906 ló bí anpilifáyà àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe tiransísítọ̀ ní ìparí ọdún 1947, ọ̀nà là fún ẹ̀rọ tó kéré, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, débi pé ó wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra á sábà ń kọ́kọ́ béèrè ni pé wáàtì mélòó ni. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ewu. Ohun tó ń jó anpilifáyà, tó ń ya sípíkà, tó sì ń mú kí iná gbé èèyàn, kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ lágbára jù. Ibi ìsopọ̀ ni aburú ti ń bẹ̀rẹ̀: iná tí a fi í sí, sípíkà tí a gbé kọ́ ọn lọ́rùn, àti ibi tí a gbé e kalẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ wáàtì náà fúnra rẹ̀ wò. Lára páálí sítíríò olówó pọ́ọ́kú, a sábà ń rí iye ńlá kan tí wọ́n kọ PMPO tẹ̀ lé. Kò sí ìlànà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí lórí bí a ṣe ń wọn PMPO, nítorí náà, iye tó bá wu ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló lè kọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, kó ka àlẹ̀mọ́ kékeré tó wà nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wáàtì 40 ló ń fà lára iná, kò sí bó ṣe lè máa fún sípíkà ní 1,000 fún odidi orin kan, torí ẹ̀rọ kì í pín ju ohun tó gbà lọ. Irú àsọdùn yìí ló mú kí àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin jáde lọ́dún 1974, pé dandan ni kí oníṣòwò kọ wáàtì tí ẹ̀rọ lè gbé láìdáwọ́ dúró, kó sì kọ óòmù tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá tilẹ̀ jóòótọ́, kò jẹ́ tó bí a ṣe rò. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Sípíkà tó ń dún ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 88 ní ìwọ̀n mítà kan nígbà tó gba wáàtì 1 péré yóò dé 98 bó bá gba wáàtì 10, yóò sì dé 108 bó bá gba 100. Láti wáàtì 50 sí 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló fi lé. Etí á gbọ́ ọ, àmọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ san ìlọ́po owó. Anpilifáyà NAD 3020 tó jáde lọ́dún 1978, tí àwọn olólùfẹ́ orin ṣì ń wá kiri títí dòní, wáàtì 20 ni wọ́n kọ fún ọ̀nà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Iye tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ bọ́ sí ni óòmù. Òun ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá; bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà ṣe ń pọ̀ tó. Sípíkà ilé sábà máa ń jẹ́ olóòmù 4, 6 tàbí 8. Bí anpilifáyà bá fi fóòtì 20 ránṣẹ́ sí olóòmù 8, áńpíà 2.5 ló máa gbà á kọjá, ìyẹn wáàtì 50. Fi fóòtì 20 kan náà ránṣẹ́ sí olóòmù 4, ó di áńpíà 5 àti wáàtì 100. Ẹni tó so sípíkà olóòmù 8 méjì mọ́ ojú kan náà, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ti sọ wọ́n di 4 lójú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ olóòmù 4 méjì, wọ́n di 2. Anpilifáyà tí wọ́n ṣe fún 8 kò ní kígbe lójú ẹsẹ̀. Orin á máa dún dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tiransísítọ̀ inú rẹ̀ á máa gbé iná tó ju agbára wọn lọ, títí ooru á fi pa wọ́n. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ óòmù tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ lè gbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò sípíkà. Ó yẹ ká kà á kí á tó gbé sípíkà ẹ̀gbọ́n tàbí ti ọ̀rẹ́ wá kún tiwa nítorí àríyá.

Ìsopọ̀ wáyà náà ń fẹ́ ojú àti sùúrù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná ná. Ẹ bó orí wáyà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lọ́ àwọn irun bàbà rẹ̀ pọ̀ kó le, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀, kí ẹ dè é pa, lẹ́yìn náà ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá irun kan ṣẹ́ kù síta. Irun bàbà kan ṣoṣo tó na apá kan ihò kejì ti tó láti ṣọ́ọ̀tì ẹ̀rọ tí a fi owó gidi rà. Wáyà kò sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù. Wáyà bàbà 0.5 mm² tó gùn ní mítà 5 á fi nǹkan bí óòmù 0.34 kún iṣẹ́ náà ní àlọ àti àbọ̀, nígbà tí ti 1.5 mm² kò fi ju 0.12 lọ. Bí ẹ bá gbé pupa sí dúdú ní sípíkà kan, tí ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní èkejì, kò séwu nínú ìyẹn, àmọ́ bí ọ̀kan ṣe ń tì ni èkejì á máa fà, ohùn ìlù ńlá á sì ṣá.

Iná ara ògiri ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí èèyàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Fóòtì 230 ni iná Nàìjíríà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Jàpáánù sì jẹ́ 100. Lára anpilifáyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Alábà l'Ékòó àti ní àwọn ọjà mìíràn, a máa ń rí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ki irú rẹ̀ bọ iná 230 ti fún un ní nǹkan bí ìlọ́po méjì iná tí wọ́n ní kó gbà: fíúsì lè já, kapásítọ̀ lè bú, tiransifọ́mà lè jó kí gbogbo ilé máa rùn. Àwọn kan ní bọ́tìnnì lẹ́yìn tí a fi ń yí fóòtì padà. Èyí tí kò ní, tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di iye fóòtì tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún la fi ń lò ó, agbára ìyẹn sì gbọ́dọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń fà lọ dáadáa. Bí púlọ́ọ̀gì bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ gígùn òkè ni wáyà ilẹ̀, tó ń gbé iná tó bá já sára irin ẹ̀rọ lọ sínú ilẹ̀ dípò kó gba ara èèyàn. Àwọn kan ń gé e tàbí ń tú wáyà rẹ̀ nítorí pé sípíkà ń kùn, wọ́n á sì ní kíkùn náà lọ lóòótọ́. Ó lọ, mi ò jiyàn, torí kíkùn náà sábà máa ń wá bí ẹ̀rọ méjì tí wáyà so pọ̀ bá ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé e ti gé ohun kan ṣoṣo tó dúró láàárín ọwọ́ ọmọ rẹ̀ àti fóòtì 230. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà kíkùn á dín kù. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ní àmì igun mẹ́rin kékeré nínú ńlá kò nílò wáyà ilẹ̀, torí ìlọ́po méjì ni ìbòrí inú rẹ̀. Bí àrá bá ń sán, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì pátápátá. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ la fi ń tan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ dúró sójú kan kí á tó ki anpilifáyà bọ̀ ọ́, kí jẹnẹrétọ̀ náà sì jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀.

Ooru ni àjọṣe gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ anpilifáyà tí kì í ṣe irú tí wọ́n ń pè ní Class D, apá ńlá nínú iná tó wọlé ló ń di ooru, kódà nígbà tí ohùn kò tíì lọ sókè tán. Àwọn tó kọ òfin 1974 náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n ní kí wọ́n fi ìdá mẹ́ta agbára ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún odidi wákàtí kan kí wọ́n tó wọn wáàtì rẹ̀. Àwọn ihò orí ẹ̀rọ ni ooru ń bá jáde. Aṣọ kurosé tí a tẹ́ sí i lórí nítorí ẹwà, ẹ̀rọ CD tí a gbé lé e, kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì í mọ́ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dí i lẹ́mìí. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ọyẹ́ kúrò nínú àwọn ihò náà nígbà tí a bá ti yọ iná.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, anpilifáyà kékeré ló yẹ ká máa rà, torí kékeré kò lè ya sípíkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yí bọ́tìnnì ohùn kọjá ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ, ẹ̀rọ á máa bẹ́ orí ohùn, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àdá bẹ́ orí koríko, ohùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ohùn tí a bẹ́ lórí ń kó agbára ohùn tínrín tó pọ̀ ju ti orin gan-an lọ, tùwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín, tó jẹ́ pé wáàtì díẹ̀ ló lè gbà, ni yóò kọ́kọ́ jó. Anpilifáyà ńlá náà lè ya sípíkà, bó bá ti bébà rẹ̀ kọjá ibi tó lè dé. Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ hàn ni etí: ibi tí ohùn bá ti ń ha, ẹ dá a padà. Bọ́tìnnì kì í ṣe òṣùwọ̀n wáàtì. Ẹ̀rọ CD tó ń fi fóòtì 2 ránṣẹ́ lè gba gbogbo agbára anpilifáyà kí bọ́tìnnì tó dé ìdajì. Ìdí nìyí tí a fi ń dá a padà sílẹ̀ kí á tó tan ẹ̀rọ, tí anpilifáyà fi ń jẹ́ ẹni ìkẹyìn láti tàn àti ẹni àkọ́kọ́ láti pa.

Àtakò tó lágbára jù ni pé àwọn ẹ̀rọ òde òní ní ìdáàbòbò nínú: bí nǹkan bá ṣọ́ọ̀tì, iná pupa á tàn, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀. Ìdáàbòbò náà wúlò, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ là. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí aburú bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń dá sí i. Kò mọ̀ pé a ti gé ẹsẹ̀ ilẹ̀. Fíúsì pẹ̀lú, nítorí kí wáyà má baà gbaná ni wọ́n ṣe é. Ìdá mẹ́wàá áńpíà kan ti tó láti da ìlù ọkàn èèyàn rú, fíúsì tó kéré jù nínú púlọ́ọ̀gì ilé sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó wé bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ fíúsì tó ti já kò ní ìdáàbòbò kankan mọ́. Bí ẹ̀rọ bá já fíúsì lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń tún un ṣe ló kàn, ẹ má ṣí i fúnra yín: kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè ṣì mú iná dání lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Bí ìsopọ̀ bá ti pé, ibi tí a ó gbé sípíkà sí ló kù. Sípíkà méjèèjì àti àga ẹni tó ń gbọ́ yẹ kó jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, kí tùwítà wà ní ìwọ̀n etí. Etí náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn lè gbọ́ ohùn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ láìséwu. Bó bá jẹ́ 90, wákàtí 4 ni. Bó bá jẹ́ 100, ìṣẹ́jú 20 péré. Sípíkà onídẹ́síbẹ́ẹ̀lì 88 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò nílò ju nǹkan bíi wáàtì 16 lọ láti dé 100 létí ẹni tó jókòó sí mítà kan sí i.