Èésú Ìlera: Ta Ló Ń Gba Ọmọ Ọdún 18?

Ibà kì í wo ti ìdánwò. Bó bá ká akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ yàrá ní Ìbàfò lóru, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì la kọ́kọ́ máa ń sá lọ. A ó ní orí ń fọ́ wa, òtútù ń mú wa. Á pa oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá, a ó san ìwọ̀nba tó wà lápò. Bí ara bá yá, a dúpẹ́. Bí kò bá yá, fóònù yá: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan fi ránṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí owó ìtọ́jú ti wà lára owó ilé-ìwé tí a san, ká má tiẹ̀ mọ̀.

Báwo la ṣe dé ibí? Ìtàn náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èyí tí a kì í sábà rántí ni pé ìjọba yẹn kan náà ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn o. A ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ní 1962, Dókítà Moses Adékóyèjọ Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ mínísítà ìlera ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, fẹ́ kí adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa, torí pé àwọn ìyá wa ń dá èésú. Nínú èésú, ẹni tó kàn ló ń kó owó. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn kàn ló ń kó o. Ṣùgbọ́n àbá náà kò di òfin.

Ó tó ọdún 37 kó tó di òfin. Ní 1999, bí àwọn ológun ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, wọ́n ṣe Òfin 35 tó dá NHIS sílẹ̀. Ní 2005, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ẹ̀gbá bákan náà, wá ṣí ètò náà. Òṣìṣẹ́ á dá díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ á fi kún un. Owó yẹn á bo òun, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18.

Ẹ ti rí nọ́ńbà wa? Àsìkò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ yunifásítì gan-an ni káàdì bàbá ń já wa sílẹ̀. Lámẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 gba ọmọ láyè láti wà lábẹ́ adójútòfò òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 26. Tiwa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀pọ̀ òbí ní Ìbàfò àti Mówè ló ń tajà, tó ń wa ọkọ̀, tó ń ránṣọ. Ta ló fẹ́ bá wọn fi kún owó oṣù? Káàdì tí yóò jáni sílẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀ rí.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá TISHIP sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ á san owó rẹ̀ mọ́ owó ilé-ìwé, ilé ìwòsàn inú ọgbà á sì kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ inú ọgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Lóòótọ́, Mountain Top University ti wà ní Ìbàfò láti 2015, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń gbé níbí torí ilé Èkó wọ́n, Akọkà tàbí Yábàá la sì ti ń kàwé. Bí àìsàn bá dé lóru, ta ni yóò gba títì Èkó sí Ìbàdàn lọ wá ilé ìwòsàn ọgbà?

Kì í sì í ṣe ọ̀nà jíjìn nìkan ló ń dunni. Ní 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan kú ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ìtọ́jú tó gbà nílé ìwòsàn ọgbà kò tó. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Ẹ wo orúkọ tó wà lára ilé-ìwé yẹn, kí ẹ sì rántí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. A dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun wà nínú èésú, báwo ló ṣe fẹ́ kó o? Kí ara tó gbóná, ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan mẹ́ta nílé-ìwé: Ṣé orúkọ mi wà níwèé? Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n kọ mí sí? Bí mo bá wà ní Ìbàfò lóru, ibo ni kí n gbà lọ?

Bí wọn kò bá rí èsì kẹta yẹn fún wa, ká má dákẹ́. Owó wa ló wà níbẹ̀.