Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí a bá fetí sí òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé kò fìgbà kan sọ pé àgbà gbọ́n tán. Àgbà gbọ́ ti ẹnì kan, ó bi ẹlòmíràn léèrè, ó mú un pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá wá tẹnu rẹ̀ jáde á di ohun tí à ń yìn ín fún. Ohun kan tún wà nídìí òwe náà tí àwọn tó ń pa á kì í sábà fẹnu bà: ọlọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí á rí ọgbọ́n òun. Bó bá tì í mọ́ àpótí, ibo ni àgbà yóò ti rí i mú?

Apá yìí ló gbà mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ nípa ìlò kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tí ọ̀pọ̀ wa gbé wọ kíláàsì ni pé a fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà àti bí wọ́n ṣe ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó wúlò, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bi wá pé ta ló kọ ohun tí à ń tẹ̀ yìí, ta ló sì láṣẹ láti yẹ inú rẹ̀ wò, ìgbà yẹn ni ojú mi là. Èèyàn ló ń kọ sọ́fítíwíà. Kóòdù ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n kọ, ìlà lórí ìlà, tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe. Ẹlòmíràn á ta iṣẹ́ náà fún wa, á sì fi kóòdù pamọ́. Ti open source yàtọ̀: ẹni tó ṣe é á gbé kóòdù síta, á sì fi ìwé àṣẹ lé e pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Richard Stallman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí yé mi yékéyéké. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Xerox fún iyàrá ìwádìí tí Stallman ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun. Ó ti fi nǹkan kún kóòdù ẹ̀rọ ti àtijọ́: bí pépà bá há, ẹ̀rọ á ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń dúró de ìwé rẹ̀, ẹnì kan á sì lọ yọ ọ́. Ti tuntun yìí kò bá kóòdù wá. Pépà á há, kò ní sẹ́ni tó mọ̀. Èèyàn á rìn lọ mú ìwé, á bá ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ tipẹ́. Stallman bá tọ onímọ̀ kan lọ ní yunifásítì Carnegie Mellon, ẹni tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onímọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, torí ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Ní 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó kà, kó tún ṣe, kó sì pín. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ GPL jáde, èyí tó ní ẹni tó bá tún iṣẹ́ náà ṣe, tó sì fẹ́ pín in, dandan ni kó ṣí kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Lójú tèmi, òfin yìí níyì ju sọ́fítíwíà èyíkéyìí tí ọkùnrin náà kọ lọ. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, gbé Linux, sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ, síta ní 1991, ó sì fi í sábẹ́ GPL ní 1992. Linux yìí ló wà nínú gbogbo foonu Android, títí kan èyí tí ìyá aláta ní Bódìjà fi ń wò ó bóyá owó oníbàárà ti wọlé.

Kí á wá bọ́ sórí èdè wa. Lẹ́tà ẹ tó gbé àmì ohùn sórí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó lẹ́tà àti àmì jọ ni. Ẹ tẹ “ọ̀gẹ̀dẹ̀” pẹ̀lú fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa, ẹ ó rí i tí àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó lọ gun ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo lo Gentium, fọ́ǹtì open source tí àjọ SIL ṣe, nínú LibreOffice, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé tí òun náà jẹ́ open source, gbogbo àmì sì jókòó sí àyè wọn. N kò san kọ́bọ̀, n kò sì wá ayédèrú sọ́fítíwíà tó ń kó kòkòrò wọnú ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní bí kóòdù bá wà ní gbangba, ṣé olè kò ní gba ibẹ̀ wọlé? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi ohun tó lé ní ọdún méjì ṣe iṣẹ́ gidi láti jèrè ọkàn ẹni tó ń bójú tó xz, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ nínú ẹ̀rọ Linux káàkiri. Lẹ́yìn náà ló dọ́gbọ́n ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú ẹ̀rọ kan ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí ọ̀rọ̀, ó sì ké gbàjarè. Kóòdù tó wà ní gbangba ló jẹ́ kó rí ìdí náà. Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ń bójú tó xz. Òun nìkan ló ń dá a gbé, láìgba owó, ó sì ti sọ ní 2022 pé agbára òun ti dín kù.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ kí á máa gbà nìkan. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè ròyìn àṣìṣe tó bá rí, ó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ sí Yorùbá. Yorùbá wà lára àwọn èdè inú Common Voice, iṣẹ́ tí Mozilla dá sílẹ̀: èèyàn á ka gbólóhùn kan sókè, ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, á sì sọ bóyá ó tọ̀nà. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ èdè wa á wá mú ohùn wọ̀nyí lò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ń ka tèmi.