Mọ́tò Onígi: Ìtàn Morris Minor Traveller àti Àtúnṣe Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé bí onírèsé kò bá fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Igbá tí a kò nù, tí a kò sì gbé kúrò nínú òjò, yóò jẹrà, ìbáà ṣe ọwọ́ ọ̀gá onírèsé ni ó fín in. Ẹni tí ó fín igbá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó jogún igbá náà ní iṣẹ́ láti ṣe pẹ̀lú. Kí èyí lè yé wa dáradára, ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yẹ̀ wò, èyí tí a fi irin ṣe apá iwájú rẹ̀, tí a sì fi igi ṣe apá ẹ̀yìn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òṣùwọ̀n ni a fi ń pín oúnjẹ fún àwọn ará ìlú, òṣùwọ̀n náà ni a sì fi ń pín epo mọ́tò títí di ọdún 1950. Irin pàápàá kò tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lè ta ọjà wọn sí òkè òkun ni ìjọba kọ́kọ́ ń fún, kí owó ilẹ̀ òkèèrè lè wọlé. Nínú ọ̀wọ́n yìí ni ilé-iṣẹ́ Morris, tí ó wà ní Cowley lẹ́bàá ìlú Oxford, ti ṣe ọkọ̀ kékeré kan, tí a sì fi í han gbogbo ènìyàn ní Earls Court ní London ní oṣù October ọdún 1948. Morris Minor ni wọ́n sọ ọ́.

Alec Issigonis, ẹni tí a bí ní ọdún 1906 ní ìlú Smyrna tí à ń pè ní Izmir lónìí, ni ó gbèrò ọkọ̀ náà. Òun kan náà ni ó gbèrò Mini tí ó jáde ní ọdún 1959. Lord Nuffield, tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ náà, kò fẹ́ràn Minor rárá. Ó ní ó jọ ẹyin tí a fọ́ sè nínú omi. Issigonis fúnra rẹ̀ wò ó, ó rí i pé ó tín-ín-rín jù. Ó ní kí wọ́n fi ayùn la ọ̀kan sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n sì máa sún ìdajì méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn títí yóò fi tẹ́ ojú òun lọ́rùn. Íǹṣì mẹ́rin ni wọ́n fi kún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe bọ́ńpà sílẹ̀ ná, kò sì gùn tó mọ́. Wọ́n gé e láàárín, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ so ó pọ̀. Ẹni tí ó bá rí Minor ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí oríkèé náà níbẹ̀.

Ní ọdún 1952 ilé-iṣẹ́ Morris àti ti Austin di ọ̀kan lábẹ́ orúkọ British Motor Corporation. Ní ọdún kejì rẹ̀, èyí ni 1953, wọ́n mú Traveller jáde fún àwọn tí ó ní ìdílé àti ẹrù. Irin ni láti iwájú títí dé ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, férémù igi ni, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ dí àlàfo rẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì ni ó wà lẹ́yìn, ọ̀kan ń ṣí sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Ìjókòó ẹ̀yìn sì ṣeé tẹ̀ sílẹ̀ kí ibẹ̀ di àyè ẹrù.

Kí olùkàwé má ṣe rò pé ẹ̀ṣọ́ ni igi yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà a máa lẹ àwòrán igi mọ́ ara ọkọ̀ onírin. Ti Traveller kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ni ó gbé òrùlé ẹ̀yìn dúró, igi ni ó di fèrèsé mú, orí igi ni a so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ́. Igi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ash ni wọ́n fi ṣe é, nítorí ó le, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ láìṣẹ́. Òun ni àwọn baba wọn fi ṣe ẹ̀rú àáké àti àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, kí mọ́tò tó dé ayé.

Ọkọ̀ náà gbayì. Ní oṣù December ọdún 1960, Minor di ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ pé 1,000,000. Wọ́n sì kun 350 nínú wọn ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ láti fi ṣe ìrántí. Ní oṣù April ọdún 1971 ni Traveller ìkẹyìn jáde. Gbogbo Minor tí a ṣe lé ní 1,600,000. Láti ọjọ́ náà ni onírèsé kò ti fíngbá mọ́. Ọwọ́ àwọn tí ó ra igbá ni ọ̀ràn kù sí.

Omi ni ọ̀tá ọkọ̀ yìí. Ojú ihò tí gíláàsì fèrèsé ń gbà yọ́ ni omi òjò ń dúró sí, ewédò a sì máa hù níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bá odò ni. Láti ibẹ̀ omi a wọ oríkèé igi, a sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ férémù àti ibi tí ó yí táyà ẹ̀yìn ká. Inú ni igi ti ń jẹrà. Òde lè máa dán nítorí fáníìsì tí ó wà lára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n a fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wò lọ́dọọdún láti ọdún 1960, igi jíjẹrà di ohun tí ó lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Traveller, gẹ́gẹ́ bí irin jíjẹrà ti ń ṣe fún ọkọ̀ mìíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ ní ètò. Ẹni tí ó ra igi tuntun kí ó tó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ ń kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tí ó ti yìnrìn. Irin abẹ́ ni ó ṣáájú: ibi tí síríńgì ẹ̀yìn so mọ́, àti irin ìdábùú tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni oríkèé ẹsẹ̀ iwájú, tí ń yí nínú ojú ihò oníyìí. Bí a kò bá fún un ní ọ̀rá déédéé yóò jẹ tán, táyà a sì wó sábẹ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí irin bá ti dára, a lè tú igi. A ó yọ ìlẹ̀kùn, gíláàsì, alumíníọ̀mù àti òrùlé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun igi jíjẹrà tí ó tú sílẹ̀, nítorí òun ni àwòṣe. Ibi tí ihò rẹ̀ wà, bí ó ti tẹ̀ sí, bí ó ti nípọn tó, kò sí ìwé tí ó sọ ọ́ yéni bí igi náà fúnra rẹ̀. A ó kọ́kọ́ to férémù tuntun láìfi àtè kàn án, a ó so ìlẹ̀kùn kọ́ láti wò bóyá yóò pa dé. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu ni a tó lẹ̀ ẹ́. Fáníìsì ni yóò kẹ́yìn, léraléra, pàápàá ní ẹnu ibi tí a ti gé igi, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń mu omi.

Àwọn kan a máa béèrè pé, nígbà tí a bá ti pààrọ̀ igi, tí a sì pààrọ̀ irin, ǹjẹ́ ọkọ̀ náà ni ó kù? Àwọn kan dáhùn pé kí a má fọwọ́ kàn án rárá, kí ó lè máa jẹ́ ojúlówó. Àwọn mìíràn pààrọ̀ ohun gbogbo kí ó lè dán. Ní tèmi, ọ̀nà kò sí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Férémù tí kò lè gbé òrùlé mọ́ kò ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a; kí a pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ṣì lágbára, bí ó tilẹ̀ ní àpá, kí a fi í sílẹ̀. Agbolé tí a tún òrùlé rẹ̀ ṣe kò di agbolé ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa náà fi pákó kan ara bọ́lẹ̀kájà sórí irin ọkọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Orí wọn ni koko, iṣu àti àwọn ìyá wa fi ń lọ sọ́jà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ta ni nínú wa tí ó pa ìwọ̀n férémù kan ṣoṣo mọ́? Ta ni ó jókòó ti àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà kan, tí ó bi í léèrè bí ó ti ń mú pákó so mọ́ irin tí kò fi tú lórí ọ̀nà gbágungbàgun?

Àwọn tí ó ní Traveller pàápàá kò tíì bọ́. Àrùn kan tí olú tín-ín-rín ń fà, tí ó ti ìlà-oòrùn Éṣíà wá, ń pa igi ash ní Yúróòpù. Ní ọdún 1912 kò sí ẹni tí ó gbọ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 a rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti tàn káàkiri. Igi tí a fi ń wo ọkọ̀ sàn ni ó ń ṣàìsàn yìí. Àwọn kan ti ń wá èyí tí àrùn náà kò lè pa láàárín wọn, kí wọ́n lè gbin irú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí yóò tún mọ́tò onígi ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, lónìí ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti máa gbin igi rẹ̀.