Ìtàn Àṣírí Tó Ń Jò Láti Inú Kernel

Kernel ni apá ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín ìrántí ẹ̀rọ fún àwọn áàpù, tó sì ń ṣọ́ wọn kí ọ̀kan má baà yọjú wo ohun tí èkejì fi pamọ́. Linux, kernel tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ló wà lábẹ́ Android, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn fóònù Tecno àti Infinix tí wọ́n ń lò láti Ore títí dé Agbabu. Àbùkù tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń jẹ́ kí áàpù tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ka ohun tí kernel kò fún un láṣẹ láti kà.

Bí kernel bá fẹ́ dá áàpù lóhùn, ó máa ń to ìdáhùn náà sínú ìrántí tirẹ̀ kí ó tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún un. Bí ìdáhùn náà bá ní lẹ́tà kan tó gba báìtì 1 àti nọ́ńbà kan tó gba báìtì 4, báìtì 3 sábà máa ń ṣófo láàárín wọn, kí nọ́ńbà náà lè bọ́ síbi tí ẹ̀rọ ti lè tètè kà á. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ ìṣáájú fi sílẹ̀ kò tíì parẹ́, yóò sì bá ìdáhùn náà jáde.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ka irú jíjò bẹ́ẹ̀ sí ewu gidi. Ní 2014, Linux 3.14 mú KASLR wọlé, ìyẹn ọgbọ́n tí kernel fi ń yí ibùjókòó rẹ̀ nínú ìrántí padà nígbàkigbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, nítorí náà ẹni tó bá rí àdírẹ́sì kan ṣoṣo tó jò ti tú gbogbo àṣírí ibùjókòó náà. Mateusz Jurczyk ti Google tọpasẹ̀ àwọn báìtì tí a kò nù bẹ́ẹ̀, ó sì rí àbùkù tó lé ní 70 nínú kernel Windows.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2018 ni ayé gbọ́ nípa Meltdown, jíjò mìíràn tí àṣìṣe rẹ̀ wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, pàápàá ti Intel, tó ń ka ìrántí kernel kí ó tó yẹ àṣẹ wò. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Graz ní Austria, tí wọ́n wà lára àwọn tó rí i, ti dábàá ní 2017 pé kí wọ́n ya ìrántí kernel sọ́tọ̀ pátápátá, ìmọ̀ràn yẹn ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ní ti àwọn báìtì tí a kò nù, Linux 5.3 ti 2019 wá fi àyè sílẹ̀ láti nu ìrántí kí wọ́n tó pín in, ohun tó tọ́ kí ó ti wà tipẹ́, bó tilẹ̀ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 2015 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò Android jáde lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, fóònù àlòkù tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí mọ́ ṣì ń gbé àwọn àbùkù àtijọ́ náà kiri.