Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Yunifásítì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn tí ń ná ọjà ohun èlò ìkọ́lé ní Dei-Dei, nítòsí Àbújá, mọ èyí: àwọn kan ń ti Kubwa wọ̀ ọ́, àwọn mìíràn ń ti Zuba. Bẹ́ẹ̀ náà ni yunifásítì.

Ní 1959, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ Sir Eric Ashby láti wádìí ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà nílò. Àbọ̀ wọn jáde ní 1960. Ó hàn gbangba pé olùkọ́ tí ó dáńgájíá kò tó. Láti 1962 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí dá kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga fún àwọn olùkọ́ sílẹ̀, ní Èkó àti níbòmíràn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE níbẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Wọn kò ṣe é ní àkàbà.

Síbẹ̀, ó di àkàbà. JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ń gba onímọ̀ NCE wọlé tààrà sí ọdún kejì ní yunifásítì. Láti Dei-Dei, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Zuba kò jìnnà. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Àbújá sì wà níwájú, ní agbègbè Gwagwalada.

Ọdún mẹ́fà ni àpapọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn lo mẹ́rin. Ọdún méjì náà ni owó ibodè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san án ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ kí ó tó gba oyè; bí kò bá tilẹ̀ gun àkàbà náà dé òkè, olùkọ́ ni.