Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí Ìtọ́jú Pa Lára: Ìtàn Ẹjọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará, láti ọdún 1957 tí a ti ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UCH, ní Ìbàdàn níhìn-ín, àìmọye ènìyàn ni ó ti rí ìwòsàn gbà níbẹ̀. Láti Bódìjà títí dé Challenge, ilé ìwòsàn aládàáni pẹ̀lú ti pọ̀. A dúpẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá ṣe àìbìkítà, tí aláìsàn sì di aláàbọ̀ ara, kí ni kí a ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa wí pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni," a ó sì lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ìtàn wí.

Ní ọdún 1941, dókítà kan fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Oògùn tí ó pò le ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ọmọ kan sì kú. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1943 Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá a sílẹ̀. Wọ́n ní iye ẹni tí ó kú kọ́ ni a fi ń wọn àìbìkítà, àti pé àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú pípo oògùn kò tó láti sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Nípa èyí a mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ọ̀daràn, ọ̀tọ̀ sì ni ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú.

Ẹjọ́ kejì ti ìlú Benin wá. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan ní ilé ìwòsàn Yunifásítì níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ó ṣẹ́ sì kù sí i nínú. Ó bá ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ṣùgbọ́n ní ọdún 2006 ó pàdánù. Èé ṣe? Ó rò pé abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó ẹlẹ́rìí, kò sì pe oníṣègùn kankan wá láti jẹ́rìí fún un.

Ẹ̀kẹta ni ti Kano. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọgọ́rùn-ún ọmọ. Àwọn òbí ní a kò là á yé àwọn. Ilé iṣẹ́ náà sẹ́. Ní ọdún 2009 wọ́n bá ìjọba Kano parí ọ̀rọ̀ náà ní 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 ni wọ́n fi dúró.

Kí ni a rí kọ́? Pa káàdì àti rìsíìtì rẹ mọ́. Wá oníṣègùn mìíràn tí yóò yẹ̀ ọ́ wò, tí yóò sì lè jẹ́rìí. Má ṣe jáfara, nítorí oṣù mẹ́ta péré ni òfin tí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba yọ̀ǹda láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Mọ̀ pẹ̀lú pé ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́, irú èyí tí ó wà ní Ring Road, ni ó ń pàṣẹ kí a san owó fún ẹni tí a pa lára.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ó yẹ kí a gbọ́ ti dókítà pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo ikú ni ó ti ọwọ́ oníṣègùn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ rárá, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?