Kílò Tó Wà Lára Servo Kì í Ṣe Ìwúwo Ẹrù

Ní Fate, n'Ílọrin níbí, ọmọkùnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi gbé apá rọ́bọ́ọ̀tì tó fi pákó pẹlẹbẹ ṣe wá hàn mí. Ó ní kí apá náà gbé ìgò omi onídajì lítà kan. Apá náà gbọ̀n, ó kùn yùn-ùn bí ẹ̀fọn, ó sì rọra wálẹ̀ bí àgbà tó ń tòògbé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o. Kílò mẹ́sàn-án ó lé ni wọ́n kọ sínú ìwé servo yìí. Ìdajì kílò lásán sì ni omi yìí. Kóòdù mi ló ní àléébù."

Kóòdù rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ohun tó kà ni kò kà tán. Servo, ìyẹn mọ́tò kékeré tí ń yí oríkèé apá náà, tó rà ni MG996R, ohun tó sì wà nínú ìwé rẹ̀ ni 9.4 kg·cm, bí iná tó ń wọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 4.8 V. Àwọn tó ń ta ọjà máa ń pe nọ́ńbà náà ní kílò, wọn a sì gbé "cm" jù sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí "cm" yẹn ni ọ̀rọ̀ dúró lé. Agbára ìyípo ni nọ́ńbà yìí ń sọ, ìyẹn ìwúwo ẹrù tí a fi jíjìnnà rẹ̀ sí ojú ibi tí servo ti ń yí sọ di púpọ̀. Bí ẹrù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà kan péré sí ojú ìyípo náà, servo lè mú kílò 9.4 dúró. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó di gíráàmù 940. Ní sẹ̀ǹtímítà 24, tí í ṣe gígùn apá ọmọkùnrin yìí, kò tó gíráàmù 400, a ò sì tíì ka ìwúwo apá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tí olùkọ́ bá ti ní kó na ọwọ́ síwájú, kó gbé bíríkì dání rí, ti mọ ẹ̀kọ́ yìí lára. Bíríkì tí kò wúwo rárá nígbà tó gbé e mọ́ àyà á di òkúta ńlá nígbà tó bá na apá tán. Bíríkì náà kò yí padà; jíjìnnà rẹ̀ sí èjìká ló yí padà. Kódà apá tí Ọlọ́run dá sí wa lára ń san gbèsè yìí. Iṣan iwájú apá wa so mọ́ egungun ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí ìgúnpá, àtẹ́lẹwọ́ sì wà ní nǹkan bí 35. Láti gbé kílò 5 dání, iṣan yẹn ní láti fa bí ẹni tó ń fa ohun tó lé ní kílò 40. Ohun tí a rí gbà dípò rẹ̀ ni pé ìfàsẹ́yìn kékeré lára iṣan á gbé àtẹ́lẹwọ́ lọ jìnnà, kíákíá.

Mo ní kó mú bírò wá. Kì í ṣe ìṣirò yunifásítì. Òun náà ni ọmọ SS ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé rúlà onímítà kan lé ẹnu ọ̀bẹ. Pákó èjìká jẹ́ gíráàmù 20, àárín rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 6: 120. Servo ìgúnpá jẹ́ 55, ó wà ní 12: 660. Pákó kejì, 20 ní 18: 360. Ọwọ́ tí ń di nǹkan mú, 40 ní 24: 960. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,100, ìyẹn 2.1 kg·cm, apá ò sì tíì gbé nǹkan kan. Omi gíráàmù 500 ní 24 tún fi 12 kún un. Ó di 14.1. Servo tí agbára rẹ̀ pin sí 9.4 kò lè ṣe é.

"Ṣé kí n ra èyí tó tóbi sí i, ẹ̀gbọ́n?"

Àṣìṣe kejì nìyẹn, òun ló sì ń jẹ owó àwọn ọmọ wa jù. Servo tó tóbi sí i ní ìgúnpá di ẹrù tuntun fún èjìká. Wo ìṣirò òkè yẹn: nínú 2,100, servo ìgúnpá nìkan kó 660. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó ṣe MeArm, apá kékeré kan láti Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kó servo mẹ́ta sí ìdí, tí wọ́n fi ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé ìṣípòpadà lọ sí ìgúnpá. Bí ènìyàn bá sì ní òun á fi jíà fi kún agbára servo, jíà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Eléyín 20 tó ń yí eléyín 60 á sọ agbára ìyípo di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyára á dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, servo tí kì í yí ju 180° lọ á sì fún apá ní 60° péré. Ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí títí wọ́n á fi so ó tán.

(Ká má parọ́, gbígbọ̀n náà lè wá láti ara iná. MG996R tó há lè fa 2.5 A, wáyà USB kọ̀ǹpútà kò ní gbé ìyẹn.)

Ọ̀nà tó dùn mọ́ mi jù wà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìlọrin. Ohun méjì tí ń la òwú lórí òfì wọn so kọ́ okùn kan tó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kọjá. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀, ìkejì ń gòkè, ìwúwo ọ̀kan ń ru ìkejì. Ẹsẹ̀ ahunṣọ kàn ń darí wọn ni. A mú bátìrì gíráàmù 200, a so ó mọ́ pákó kan tó yọ sẹ́yìn èjìká apá náà, ní sẹ̀ǹtímítà 10. 2,000 nìyẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa 2,100 rẹ́.

Ṣùgbọ́n omi náà ṣì wúwo jù. Iye tí ìwé kọ jẹ́ ibi tí servo ti há, tí á máa gbóná. Ìdajì rẹ̀ ni kí ènìyàn fi ṣiṣẹ́, 4.7, ìyẹn 4,700 bí a bá fi gíráàmù kà á. Ọmọkùnrin náà yọ 100 tó ṣẹ́ kù lára 2,100 kúrò, ó pín in sí 24, ó rí gíráàmù 190 pẹ̀lú ìgò.

Ó wo ìgò náà, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Nígbà tí omi kù ní ìsàlẹ̀, ó gbé e sí ẹnu apá náà, apá gbé e sókè láìgbọ̀n.